Sí Àṣàkẹ́: Àwọn Ohun Tí Ojú Mi Fò Dá

Ìgàndó, Alímọ̀ṣọ́, Èkó.
Òwúrọ̀ Ọjọ́ Àìkú.

Àṣàkẹ́ ọmọ mi,

Ara èmi àti ìyá rẹ le. Òjò rọ̀ láàárọ̀ yìí, ó sì ti dá. Ẹ̀yìnkùlé ni mo jókòó sí pẹ̀lú ìwé àti bírò. Wá ibi jókòó kí o tó ka lẹ́tà yìí, torí ó gùn. Mi ò kọ irú ẹ̀ sí ọ rí, bóyá mi ò sì ní kọ òmíràn mọ́.

Nígbà tí o pè lánàá, o ní o ti lo oṣù mẹ́ta ní iléeṣẹ́ tí ẹ ti ń ya àrà sára aṣọ ní Abẹ́òkúta, kò sì lọ bí o ṣe rò. O ní, "Bàbá mi, gbogbo ohun tí mo bá yà ni ọ̀gá wa máa ń sọ pé òun ti rí irú ẹ̀ rí. Mo máa jókòó títí, nǹkan kan ò ní wá sí mi lọ́kàn. Ó jọ pé iṣẹ́ yìí kì í ṣe tèmi. Tí oṣù yìí bá ti parí, mo máa fi í sílẹ̀, mo máa padà wálé." Mo bi ọ́ pé níbo lo ti ń wo nǹkan tí o fi ń ya tìrẹ. O ní orí fóònù. Mo ní, "Ọlọ́run á ṣe é," mo sì pa fóònù.

Ìyá rẹ wà nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, ó sì gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó ní, "Bàbá Sìdí, ṣé gbogbo ohun tẹ́ ẹ máa sọ fún ọmọ náà nìyẹn?" Òótọ́ ló sọ. O mọ̀ mí. Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tí mo fi ya fọ́tò fún àwọn èèyàn ní Ìkọ̀tún, ohun tí mo sì máa ń sọ fún wọn kò ju "Ẹ gbé orí sókè" àti "Ẹ má mira" lọ. Ọ̀rọ̀ kì í ṣe iṣẹ́ mi. Ṣùgbọ́n mo ti ṣe àwọn àṣìṣe kan nídìí wíwo nǹkan, mi ò sì ro pé ó yẹ kí ìwọ náà tún fi ọwọ́ ara rẹ ṣe wọ́n. Èmi á kọ wọ́n sílẹ̀ bí wọ́n ṣe rí. Mi ò fi wọ́n bẹ̀ ọ́, mi ò sì fi wọ́n bá ọ wí.

Èkíní. Nígbà tí mo dé láti Ògbómọ̀ṣọ́, ọ̀dọ̀ ayàwòrán kan ní Dópẹ̀mú ni wọ́n mú mi lọ kí n ti kọ́ṣẹ́. Àgbàlagbà ni, kì í yára ṣe nǹkan kan. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, kò jẹ́ kí n fọwọ́ kan kámẹ́rà. Ó gbé àpótí síwájú ògiri ilé kejì, ó ní kí n jókòó síbẹ̀ kí n máa wo ògiri náà láti àárọ̀ títí ìmọ́lẹ̀ yóò fi kúrò lára rẹ̀. Ní ọjọ́ kejì, ó tún ní kí n jókòó síbẹ̀. Ní ọjọ́ kẹta, bákan náà. Àwọn tó ń lọ tó ń bọ̀ ń fi mí rẹ́rìn-ín. Ní ọjọ́ kẹrin, mo dìde.

Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, fọ́tò ni mo wá kọ́. Mi ò wá ṣọ́ ògiri."

Ó ní, "Ṣé o ti wò ó tán ni?"

Mo ní, "Ògiri ni, sà. Kí ló tún kù níbẹ̀?"

Kò bínú. Ó ní, "Ẹni tí kò lè wo ògiri, báwo ló ṣe fẹ́ wo ojú èèyàn?"

Mo kó ẹrù mi, mo lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá mìíràn tó ní oṣù mẹ́fà péré ni òun fi máa kọ́ mi. Òótọ́ ni, oṣù mẹ́fà náà ni mo fi kọ́ ọ. Mo mọ bí wọ́n ṣe ń tẹ kámẹ́rà. Ohun tó yẹ kí n tẹ̀ ẹ́ sí ni mi ò mọ̀, ó sì pẹ́ kí n tó mọ̀ pé mi ò mọ̀ ọ́n.

Nítorí náà, Àṣàkẹ́, jókòó ti nǹkan kan. Ẹyọ kan ṣoṣo. Kó jẹ́ láàárọ̀ kí o tó lọ síbi iṣẹ́, kó má sì pẹ́ ju ìgbà tí ẹ̀kọ gbígbóná fi máa tutù lọ. Kò pọn dandan kó jẹ́ ohun tó lẹ́wà. Ẹni tó bá fara balẹ̀ tú èèrà ló ń rí ìfun rẹ̀. Bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí, ògiri ọgbà wa ni mo ń wò. Omi òjò ti mú ibi kan dúdú lára rẹ̀, ibòmíràn ṣì funfun, ààlà àárín méjèèjì sì rí bí etí aṣọ tí wọ́n ya. Alángbá kan wà lórí rẹ̀ tó ń yá oòrùn. Orí rẹ̀ pọ́n bí osàn tó ti pọ́n, ara rẹ̀ yòókù sì dà bí eérú, kò sì síbi tí èèyàn lè nàka sí pé ibí ni àwọ̀ kan ti parí tí èkejì ti bẹ̀rẹ̀. Ó ti pẹ́ tí a ti ń gbé inú ilé yìí. Ọdún tó kọjá ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ògiri rẹ̀.

Ìkejì ni èyí tó wúwo jù fún mi, mi ò sì sọ ọ́ fún ọ rí. Kí a tó bí ọ, bàbá oníṣẹ́ igi kan wà ní Ìṣẹ̀rí-Olófin tí gbogbo èèyàn ń pè ní Bàbá Jímọ̀. Tó bá ti ṣíwọ́ iṣẹ́ nírọ̀lẹ́, abẹ́ igi àgbálùmọ̀ iwájú ilé rẹ̀ ló máa ń jókòó sí, lórí àga gbọọrọ tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kàn. Mo máa ń gba ibẹ̀ kọjá, mo máa ń kí i, mo máa ń lọ. Lọ́jọ́ kan, ó wá sí ṣọ́ọ̀bù mi.

Ó ní, "Ayàwòrán, mo fẹ́ kí o wá yà mí níbi tí mo máa ń jókòó sí."

Mo ní, "Bàbá, kí lẹ fẹ́ fi ibẹ̀ ṣe? Ewé gbígbẹ ló kún ibẹ̀. Ẹ wá síbí jàre, kí n yà yín bí ọlọ́lá."

Bàbá náà kò jiyàn. Ó padà wá lọ́jọ́ Jímọ̀ lẹ́yìn ìrun. Mo ní aṣọ ńlá kan nígbà náà tí mo máa ń ta sẹ́yìn oníbàárà. Ẹnì kan ti ya ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì funfun sí i, ó ya ọkọ̀ òfuurufú sókè ilé náà, ó sì ya àwọn òdòdó tí kò sí ẹni tó rí irú wọn rí ní gbogbo ilẹ̀ Yorùbá. Iwájú rẹ̀ ni mo mú Bàbá Jímọ̀ dúró sí. Mo ní kó ṣí fìlà. Mo gbé kóòtù ṣọ́ọ̀bù wọ̀ ọ́, ó sì tóbi jù ú lọ ní èjìká. Mo ní, "Ẹ má rẹ́rìn-ín, Bàbá." Gbogbo ohun tí mo sọ ló ṣe. Nígbà tí mo fún un ní fọ́tò náà, ó wò ó, ó ní, "Ó dáa. O ṣé." Ó fi í sábẹ́ apá, ó lọ.

Òjò ọdún kejì ni Bàbá Jímọ̀ kú. Àwọn ọmọ rẹ̀ gbé fọ́tò náà wá fún mi kí n sọ ọ́ di ńlá fún àdúrà ọjọ́ kẹjọ. Mo ṣe é, mo fi férémù sí i, èmi fúnra mi ni mo sì gbé e lọ sílé wọn. Ìyàwó rẹ̀ jókòó sórí ẹní. Wọ́n gbé e fún un. Ó wò ó fún ìgbà pípẹ́.

Ó ní, "Ta nìyí?"

Àkọ́bí wọn ní, "Ìyá, Bàbá ni."

Ó ní, "Bàbá yín kọ́. Ọkọ mi kì í wọ kóòtù. Ọkọ mi kì í dúró báyìí."

Kò pariwo, kò sunkún. Ó kàn dà á dé sórí ẹní, ó sì ń bá tẹ̀súbáà rẹ̀ lọ. Kò sẹ́ni tó bá mi wí nínú ilé náà. Ìbá sàn fún mi ká ní wọ́n bá mi wí.

Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn náà ni mo tó lè padà lọ. Nírọ̀lẹ́ ni, mo sì gbé kámẹ́rà dání. Mo tọrọ ààyè lọ́wọ́ ìyá náà, mo sì lọ sídìí igi àgbálùmọ̀. Ìgbà yẹn ni mo tó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wo àga náà. Ibì kan lára rẹ̀ ti jin díẹ̀, ó sì ń dán, níbi tí bàbá náà ti ń jókòó lójoojúmọ́. Gbogbo etí àga náà ló ti fi ọ̀bẹ gbẹ́ nǹkan sí. Ewé àgbálùmọ̀ ni, àti ẹyẹ ẹ̀gà. Ẹ̀gà kan na ìyẹ́, òmíràn gbé koríko sẹ́nu, òmíràn doríkodò lẹ́nu ìtẹ́ rẹ̀. Nígbà tí mo gbójú sókè, mo rí àwọn ẹ̀gà náà gan-an lórí igi, tí wọ́n ń kọ́ ìtẹ́ wọn, tí wọ́n ń pariwo. Ohun tí Bàbá Jímọ̀ ń rí lókè orí rẹ̀ ló ti ń gbẹ́ sí etí àga láti ọ̀pọ̀ ọdún wá. Iṣẹ́ ọnà tó pé ni. Ó fẹ́ kí fọ́tò rẹ̀ àti ti iṣẹ́ náà wà papọ̀, kò kàn lẹ́nu àtisọ ọ́ fún ayàwòrán tó mọ̀ ju òun lọ ni. Èmi tó sì ń fi ojú jẹun, mo ti gba ibẹ̀ kọjá láìmọye ìgbà.

Mo ya àga náà bó ṣe wà, pẹ̀lú ewé gbígbẹ àti oòrùn tó ń wọ̀ lára rẹ̀. Nígbà tí mo fọ fọ́tò náà tán, mo gbé e lọ fún ìyá náà. Ó gbé e sún mọ́ ojú. Ó ní, "Èyí dáa. Ó jọ pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde níbẹ̀ ni." Èyí ni wọ́n gbé kọ́ sí pálọ̀. Mi ò mọ ibi tí wọ́n gbé fọ́tò oníkóòtù sí, mi ò sì béèrè. Lọ́jọ́ kejì, mo ká aṣọ ọlọ́kọ̀ òfuurufú náà, mi ò sì ta á mọ́.

Ó ṣeé ṣe kí o ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ mi ń lọ. Àwọn àwòrán orí fóònù tí o ń wò yẹn, òdòdó inú aṣọ mi ni wọ́n. Ẹlòmíràn ló rí wọn, ibòmíràn ni wọ́n ti hù. Nígbà tí ọ̀gá rẹ ní òun ti rí irú ẹ̀ rí, ó ṣeé ṣe kó má jẹ́ pé ìkà ló ń ṣe. Ó ṣeé ṣe kó ti rí i lóòótọ́. Òun náà ní fóònù.

Ìkẹta kan ìyá rẹ, ó sì ti fún mi láyè láti kọ ọ́. O mọ̀ pé iṣẹ́ ọnà ọrùn aṣọ ló fi tọ́ ìwọ àti Sìdí ẹ̀gbọ́n rẹ. Ohun tí o kò mọ̀ ni pé ó ní ìwé kan kí o tó gbọ́njú. Ìwé ọmọ iléèwé lásán ni. Ohunkóhun tó bá rí lọ́nà ló máa ń yà sínú rẹ̀: òwú aláǹtakùn tí ìrì sẹ̀ sí, ẹ̀yìn ọ̀pẹ̀ òyìnbó, irun tí wọ́n dì fún ọmọ kan, irin géètì tí wẹ́dà kan rọ ní Ẹ̀gbẹ́dá. Ó máa ń fi ewé gbígbẹ sáàárín ìwé náà. Nígbà tí a ń kó kúrò ní Dópẹ̀mú bọ̀ ní Ìgàndó, èmi ni mo di ẹrù. Mo rí ìwé tí ewé gbígbẹ ń já bọ́ nínú rẹ̀. Mo pè é ní pàǹtí, mo jù ú sínú iná pẹ̀lú àwọn pàǹtí yòókù. Ọmọdé ò mọ oògùn, ó ń pè é ní ẹ̀fọ́.

Ìgbà tó wá a títí ló bi mí. Mo ní, "Ìwé eléwé yẹn? Mo ti jó o."

Ó ní, "Ẹ ti jó o?" Ìwọ lo wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó tún ọ̀já rẹ so, ó sì lọ wẹ abọ́.

Fún nǹkan bí ọdún kan lẹ́yìn ìgbà náà, ohun tí oníbàárà bá mú wá pé kó ṣe nìkan ló ń ṣe. Mi ò kíyè sí i. Ìgbà tí oníbàárà kan sọ lójú mi pé, "Ìyá Sìdí, iṣẹ́ yín ò rí báyìí tẹ́lẹ̀," ni mo tó bi í pé kí ló ṣẹlẹ̀. Ó ní, "Ojú mi ló wà nínú ìwé yẹn, Bàbá Sìdí. Mi ò tún rí nǹkan kan mọ́."

Mo ra ìwé tuntun fún un. Ó gbà á, ó kí mi, ó sì gbé e sílẹ̀ láì ṣí i. Mi ò wá mọ ohun tí mo lè ṣe. Èmi kò mọ àwòrán yà. Ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í mú nǹkan bọ̀ wálé. Tí mo bá ń bọ̀ láti ṣọ́ọ̀bù, mo máa ń wolẹ̀. Mo mú ìyẹ́ lẹ́kẹ́lẹ́kẹ́ láti ibi àbàtà, mo mú èso igi kan tó là sí mẹ́rin, mo mú páànù tí ìpẹtà ti jẹ. Orí ẹ̀rọ rẹ̀ ni mo máa ń gbé wọn sí. Kì í dà wọ́n nù. Lọ́jọ́ kan, mi ò rí nǹkan kan mú bọ̀ ju ìdérí ìgò mínírà tí mọ́tò ti tẹ̀ pẹlẹbẹ.

Ó gbé e, ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá Sìdí, kí ni kí n fi ìdérí mínírà ṣe?"

Mo ní mi ò mọ̀. Ó ń yí i lọ́wọ́. Ó ń fi èékánná ka eyín etí rẹ̀. Nígbà tó yá, ó ní kí n na pẹ́ńsùlù sí òun. Àwòrán eyín ìdérí náà ló fi yí ọrùn bùbá kan ká lọ́sẹ̀ yẹn, àwọn obìnrin àdúgbò sì ń béèrè ibi tó ti rí i.

Mo ka ibí yìí fún un ṣáájú kí n tó tẹ̀ síwájú. Ó ní kí n sọ fún ọ pé ní ọdún náà, òun gbà pé iṣẹ́ ọnà òun ti tán. Ó ní kò dùn òun, pé ó kàn sú òun ni, bí ìgbà tí èèyàn bá jẹ oúnjẹ tí kò ní iyọ̀. Ó ní kí n sọ fún ọ pé kò tán. Ìwé ni iná jó.

Nítorí náà, ní ìwé kan. Má fi fóònù rọ́pò rẹ̀. Ohun tí ọwọ́ rẹ bá yà, bó tilẹ̀ wọ́, ojú rẹ ti jẹ ẹ́ mì ná. Tí ẹlòmíràn bá sì ní irú ìwé bẹ́ẹ̀, má pè é ní pàǹtí, pàápàá ẹni tí ẹ bá jọ ń gbé.

Àwọn ìmọ̀ràn kéékèèké kan ṣì wà tí kò ní ìtàn nínú. Máa gba ọ̀nà mìíràn lọ sílé lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Kí àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ tó wà ní àdúgbò rẹ, ẹni tó ń rọ irin, ẹni tó ń kọ pátákó ìtajà, ẹni tó ń dirí, kí o sì bi wọ́n bí wọ́n ṣe ń mọ ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe kí wọ́n tó ṣe é. Wọ́n á sọ fún ọ, kò sí ẹni tó bi wọ́n rí ni. Lẹ́yìn òjò, wo ilẹ̀ níbi tí epo ọkọ̀ bá ti kán sínú omi. Òṣùmàrè wà níbẹ̀ tí a ń tẹ̀ mọ́lẹ̀. Jẹun dáadáa. Ebi kì í jẹ́ kí ojú ríran. Má sì gbàgbé ìrun rẹ.

Ní ti kíkọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀, mi ò ní sọ pé kí o dúró, mi ò sì ní sọ pé kí o máa bọ̀. O ti dàgbà kọjá ibẹ̀. Yàrá rẹ wà bó ṣe wà, kò sì sí ẹni tó máa fi ọ́ ṣẹ̀sín nílé yìí. Ohun tí mo fẹ́ ni kí ó dá ọ lójú, kí o tó fọwọ́ síwèé, pé iṣẹ́ náà ni kò wù ọ́, pé kì í ṣe pé o kò tíì fi ojú ara rẹ wò ó. Ọ̀tọ̀ ni méjèèjì. Fún ara rẹ ní oṣù kan sí i. Lẹ́yìn náà, èyíkéyìí tí o bá yàn, mo fara mọ́ ọn.

Ó ku ohun kan. Bí mo ṣe ń kọ lẹ́tà yìí, mo rí i pé láti ìgbà tí mo ti bí ọ, èmi ni mò ń sọ fún ọ pé wo ibí, má wo ọ̀hún. Mi ò bi ọ́ rí, kódà lẹ́ẹ̀kan, nípa ohun tí ìwọ ń rí. Ó pẹ́, ṣùgbọ́n mò ń bi ọ́ nísinsìnyí. Kọ ìwé sí mi, kó má jẹ́ orí fóònù. Sọ ẹyọ nǹkan kan tí o rí ní Abẹ́òkúta lọ́sẹ̀ yìí, bó ti wù kó kéré tó. Mi ò ní tún un ṣe, mi ò sì ní sọ bóyá ó dára. Mo kàn fẹ́ mọ̀ ọ́n.

Èmi ni,
Gàníyù, bàbá rẹ.